Fífọ Epo Rọ̀bì Kúrò Nínú Ilẹ̀ Ògóní

Ilẹ̀ Ògóní wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ní ìlà oòrùn ìlú Port Harcourt. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni ó pín sí: Eleme, Tai, Gokana àti Khana. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,000 kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní ọdún 2006 lé ní 800,000. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbìn lórí ilẹ̀. Ẹja, akàn àti ìsáwùrù ni wọ́n ń kó nínú àwọn ọ̀sà tí omi òkun máa ń wọ̀. Ní ọdún 1958 ni Shell rí epo rọ̀bì ní Bomu, lẹ́bàá K-Dere. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi wà á kí iṣẹ́ tó dúró ní 1993, nígbà tí àwọn ará ìlú ti yarí. Síbẹ̀, epo kò tíì kúrò lọ́rọ̀ wọn. Ọ̀pá ńlá tí wọ́n ń pè ní Trans-Niger Pipeline ṣì gba inú ilẹ̀ náà kọjá lọ sí èbúté Bonny, orí àwọn kànga epo àtijọ́ ṣì dúró káàkiri, èyí tí ó sì ti dà sílẹ̀ láti ìran kan sí èkejì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko lé.

Iṣẹ́ fífọ ilẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù nínú irú rẹ̀ tí wọ́n tíì dáwọ́ lé ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, owó ńlá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ni ó ṣòro jù: kí ni ó yẹ kó ṣáájú, kí ni ó yẹ kó tẹ̀ lé e, ta sì ni yóò dúró ti iṣẹ́ náà nígbà tí ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò lórí àlééfà. Ibi tí wọ́n ti fo ìpele kan ni owó ti ṣòfò.

Bí epo rọ̀bì bá dà sórí ilẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, òjò á gbá apá kan lọ sínú odò, ìyókù á máa rìn wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ibòmíràn, ìpele amọ̀ tí ó nípọn máa ń dá epo dúró kí ó tó kan omi abẹ́ ilẹ̀. Ní Ògóní, kò sí ìpele amọ̀ kan tí ó nà já gbogbo abẹ́ ilẹ̀ náà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn, òjò ibẹ̀ sì pọ̀, tí ó ń ti epo náà lọ sísàlẹ̀ lọ́dọọdún. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà orí omi abẹ́ ilẹ̀ ni yóò léfòó sí. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yọ́ sínú omi, omi á sì máa gbé wọn lọ síbi tí epo kò dà sí rí. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni benzene, tí ó máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Omi tí ó mọ́ gaara lójú lè ní benzene nínú.

Nínú ọ̀sà, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun máa ń kún wọ inú ilẹ̀, tí ó sì máa ń fà padà. Bí epo bá wà lójú rẹ̀, ìkún omi á gbé e gun ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò igi mángírófù. Bí omi bá wá fà, epo á jókòó síbẹ̀. Ara gbòǹgbò tí ó yọ sókè lórí ẹrẹ̀ ni mángírófù fi ń mí, nítorí náà epo tí ó bo gbòǹgbò náà ń sé èémí igi náà. Bí igi bá kú, ẹrẹ̀ tí ó dì mú á tú dànù, ọmọ ẹja kò ní ríbi sá pamọ́ sí mọ́, akàn àti ìsáwùrù á sì tán. Àwọn obìnrin tí ń ṣa ìsáwùrù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, kí onímọ̀ kankan tó gbé ìwọ̀n dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bodo, ní Gokana, nìyí. Ní ọdún 2008, ẹ̀ẹ̀mejì ni Trans-Niger Pipeline bẹ́ nítòsí ìlú náà, tí epo sì ṣàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà mángírófù àti ọ̀sà ni ó fara gbá a. Apẹja tí ó ti ń tọ́jú ilé fún ogún ọdún wá di ẹni tí ń ra ẹja inú yìnyín lọ́jà. Àwọn Ìlàjẹ ní etíkun Ìpínlẹ̀ Òǹdó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: láti oṣù karùn-ún ọdún 2020 tí kànga epo Ororo-1 ti bẹ́ létí òkun Awoye ni àwọn náà ti ń ké gbàjarè lórí omi wọn.

Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ Ògóní dé etí gbogbo ayé ni Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa eré orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, Basi and Company. Ní 1990, òun àti àwọn àgbà ìlú dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti béèrè fún ìpín nínú owó epo àti ààbò fún ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1993, àwọn tí wọ́n ṣírò sí 300,000 jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ tí ìyapa fi wọ àárín àwọn aṣíwájú náà. Ní oṣù karùn-ún 1994, àwọn jàǹdùkú pa àgbà ìlú mẹ́rin, ìjọba ológun Abacha sì fẹ̀sùn náà kan Saro-Wiwa àti àwọn mìíràn. Wọ́n yẹgi fún un pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá 1995, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sọ pé kò tọ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọjá kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ìdáríjì fún àwọn mẹ́sàn-án náà ní oṣù kẹfà 2025.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán nínú iṣẹ́ ìfọ̀mọ́. Òṣìṣẹ́ tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Bí ìdílé tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ kò bá bá ìdílé kejì sọ̀rọ̀, bí ìlú kan bá gbà pé ìlú kejì ló gba owó ìtanràn òun, kò sí ẹ̀rọ tí yóò wọlé. Nítorí náà ìlàjà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ní 2005, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yan Fadá Matthew Kukah láti máa làjà láàárín àwọn Ògóní, ìjọba àti Shell. Ibi ìlàjà yìí ni ìpinnu ti jáde pé kí wọ́n pe ẹni tí kò sí nínú ìjà láti wá yẹ ilẹ̀ náà wò, wọ́n sì yan Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí UNEP. Ìpinnu yẹn dára púpọ̀. Èsì àyẹ̀wò tí Shell nìkan ṣe, àwọn ará ìlú kò ní gbà á. Èyí tí ará ìlú nìkan ṣe, Shell kò ní gbà á.

Oṣù mẹ́rìnlá ni àwọn òṣìṣẹ́ UNEP fi wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú oko. Wọ́n wo ibi tí ó lé ní 200, wọ́n rin kìlómítà 122 lójú ọ̀nà ọ̀pá epo, wọ́n sì gbẹ́ kànga àyẹ̀wò 142 láti mọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀, omi, ẹja àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n bù lọ sí yàrá àyẹ̀wò lé ní 4,000. Wọ́n tún ka àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000. Ìpàdé tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ará ìlú jẹ́ 264, àwọn tí ó sì wá síbẹ̀ lé ní 23,000. Ẹni tí ó bá rò pé ìpàdé tó bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù kò tíì mọ ilẹ̀ tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti tán nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ ìlú ni wọ́n máa ń mú àwọn onímọ̀ lọ síbi tí epo wà, ìpàdé wọ̀nyí ni ó sì jẹ́ kí wọ́n gbà láti mú wọn lọ.

Ìwé ìwádìí náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Níbi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún, ó kéré tán. Wọ́n rí epo nínú kànga mímu 28 ní ìlú mẹ́wàá. Ní Nisisioken Ogale, ní Eleme, benzene tí ó wà nínú omi mímu ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà lọ ní ìlọ́po 900. Nítòsí ibẹ̀, epo tí ó léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Àwọn ìdílé ń pọn omi yìí mu lójoojúmọ́.

Láti inú àwọn èsì yìí ni ètò iṣẹ́ ti jáde, omi mímu ni ó sì wà lókè. UNEP ní kí wọ́n kọ àmì ewu sára kànga tí ó bàjẹ́, kí wọ́n gbé omi mìíràn wá kíákíá, kí wọ́n sì máa tọpasẹ̀ ìlera àwọn tí wọ́n ti mu benzene fún ọdún pípẹ́. Gbogbo èyí kò nílò imọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ àmì, tánkì àti ọ̀pá ni omi ń gbà dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì kọjá kí omi ẹ̀rọ tó dé àwọn ìlú kan dáadáa, èyí sì ni àléébù tí ó wúwo jù nínú gbogbo ìtàn iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ lè dúró de agbaṣẹ́ṣe fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè dúró.

Lẹ́yìn omi ni dídí orísun epo. Kò sí èrè nínú fífọ ilẹ̀ tí epo mìíràn yóò tún dà sí lọ́la. Orísun náà kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn ọ̀pá kan ti gbó, ìpẹtà sì ti jẹ wọ́n. Àwọn orí kànga àtijọ́ wà tí wọ́n kò tì pa bí ó ṣe yẹ nígbà tí iṣẹ́ dúró ní 1993. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí wọ́n ń lu ọ̀pá láti jí epo, tí wọ́n ń sè é nínú igbó láti yọ dísù àti kẹrosíìnì. Sísè yìí pọ̀ sí i láti 2007. Ó ń pa àwọn tí ń ṣe é, ó sì ń pa mángírófù: ní Bodo West, UNEP ṣírò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá mángírófù tí ara rẹ̀ dá ni ó lọ láàárín 2007 sí 2011. Ọlọ́pàá àti sójà nìkan kò lè dá a dúró. Ọ̀dọ́ tí ń se epo mọ̀ pé iṣẹ́ náà lè jó òun. Ó ń ṣe é nítorí pé ẹja tí bàbá rẹ̀ ń pa ti tán. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ òòjọ́ fi wà nínú ètò ìfọ̀mọ́ gan-an, tí kì í ṣe àfikún.

Ilẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e, níbẹ̀ sì ni àṣìṣe tí ó tóbi jù ti wáyé láyé àtijọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ ilẹ̀ ṣáájú 2011 ni pé kí wọ́n tú òkè ilẹ̀ níbi tí epo dà sí, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́, oòrùn àti àwọn kòkòrò àìfojúrí jẹ epo náà tán. Àwọn kòkòrò yìí wà lóòótọ́. Wọ́n wà nínú gbogbo ilẹ̀, wọ́n sì ń fi epo ṣe oúnjẹ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá rí afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ajílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í dé mítà márùn-ún nísàlẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ojú egbò, inú rẹ̀ ń kẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ sórí ilẹ̀ títú náà tún ń fọ epo kúrò nínú rẹ̀ lọ sínú odò àti oko alábàágbé. UNEP lọ sí àwọn ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ tán, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì bá epo níbẹ̀.

Òfin pàápàá ní ihò. Ìlànà tí ìjọba ń lò fún iṣẹ́ epo sọ ìwọ̀n méjì: bí epo inú ilẹ̀ bá dé mílígíráàmù 5,000 nínú kílò kan, dandan ni kí wọ́n fọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí ilẹ̀ tí ara rẹ̀ dá yẹ kí ó wà sì jẹ́ 50. Láàárín 5,000 àti 50, àyè fẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró bí ó bá ti bọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀ 5,000, tí wọ́n sì pe ilẹ̀ náà ní mímọ́. UNEP ní kí ìjọba tún ìlànà yìí ṣe, kí ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ ibi tí òun gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ lu ihò sílẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi láti mọ bí epo ṣe fẹ̀ tó àti bí ó ṣe jìn tó. Wọ́n á wá wa ilẹ̀ tí ó bàjẹ́ jáde títí dé ibi tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé epo tán. Ilẹ̀ tí wọ́n wà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lásán. Orí ọ̀rá tí ó nípọn ni wọ́n ń kó o jọ sí, pẹ̀lú gọ́tà yíká tí yóò gba omi òjò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń da ajílẹ̀ sí i, tí wọ́n ń bomi rin ín níwọ̀n, tí wọ́n sì ń yí i láti ìgbà dé ìgbà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á bù ú fún àyẹ̀wò. Bí ó bá ti mọ́, wọ́n á dá a padà sínú kòtò. Èyí tí epo inú rẹ̀ pọ̀ jù fún kòkòrò gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti lè fi omi fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n fi ooru yọ epo rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni UNEP fi dámọ̀ràn ibùdó kan tí wọ́n yóò máa kó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti gbogbo Ògóní. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Wọ́n ń gbẹ́ kànga láti fa epo tí ó léfòó jáde, wọ́n á wá máa fa omi náà, kí wọ́n gbé e gba inú èédú tí ń mú èròjà epo kọjá, kí wọ́n sì máa wọn benzene rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Fún ẹrẹ̀ àti mángírófù, kátapílà kò lè wọ ibẹ̀, bí ó bá sì wọ ibẹ̀ yóò ba púpọ̀ jẹ́ ju èyí tí epo ti bà jẹ́ lọ. Bodo ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìjọba. Àwọn ará Bodo gbé Shell lọ sí ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Shell sì gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn ní oṣù kìíní 2015: mílíọ̀nù 35 fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 15,000, ogún mílíọ̀nù fún ìlú. Fún ìfọ̀mọ́, ìgbìmọ̀ onílàjà kan tí wọ́n ń pè ní Bodo Mediation Initiative, tí ilé iṣẹ́ aṣojú Netherlands ràn lọ́wọ́ láti dá sílẹ̀, ni ó wà láàárín Shell àti ìlú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ní 2017. Epo tí ó ṣì wà lójú ẹrẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú, tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́, wọ inú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Wọ́n ń fi ọwọ́ àti ohun èlò kékeré tú ẹrẹ̀, wọ́n sì ń rọra fi omi tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ fọ̀ ọ́ kí epo lè léfòó sókè. Ìdènà tí ó léfòó lórí omi ni ó ń yí epo náà ká, kí wọ́n tó gbá a kúrò. Gbòǹgbò tí ó ṣì wà láàyè, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí omi òkun bá kún ni iṣẹ́ á dúró. Omi ni ó ń pa àṣẹ.

Bí ẹrẹ̀ bá ti mọ́ tó ni wọ́n ń gbin igi. Mángírófù pupa ní ọ̀nà tirẹ̀: èso rẹ̀ ti máa ń hù lórí igi kí ó tó já bọ́, ó máa ń gùn, ẹnu rẹ̀ sì mú, nítorí náà wọ́n lè rì í mọ́ ẹrẹ̀ tààrà tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ nínú ọ̀rá títí yóò fi yọ ewé. Obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́ ọ. Ọ̀tá kan tún wà tí kì í ṣe epo: ọ̀pẹ nípà, tí wọ́n mú wá láti Éṣíà sí etíkun ìlà oòrùn Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí mángírófù bá kú, nípà á gba ipò rẹ̀ kíákíá, akàn àti ìsáwùrù kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní láti gé e kúrò, kí wọ́n sì tún padà wá gé e.

Ní ti ìjọba, àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ náà ni HYPREP. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2012 lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, àwọn ará ìlú sì bínú pé kò tọ́ kí ilé iṣẹ́ tí ń ta epo máa darí ìfọ̀mọ́ epo. Kò sí iṣẹ́ gidi tí ó jáde. Nígbà tí Amina Mohammed jẹ́ mínísítà ètò àyíká, wọ́n gbé e wá sábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Òṣínbàjò sì ṣí iṣẹ́ náà ní Bodo ní oṣù kẹfà 2016. Owó tí UNEP dábàá fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ bílíọ̀nù kan dọ́là, àwọn tí ó sì gbà láti san án ni NNPC, Shell, Total àti Agip, àwọn tí wọ́n jọ ni iṣẹ́ epo náà nígbà náà. Ìgbìmọ̀ alámòójútó owó yàtọ̀ sí àwọn tí ń ná an, kí ọwọ́ kan má baà máa kó owó sápò kan náà.

Ní 2019 ni àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ wọ ilẹ̀. Àwọn ibi tí epo kò wọlẹ̀ jìn ni HYPREP kọ́kọ́ gbé jáde. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ilé iṣẹ́ Nàìjíríà tí kò ṣe irú rẹ̀ rí lè fi ibi tí ó rọrùn kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí epo ti jìn jù ni àwọn tí omi wọn bàjẹ́ jù wà, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì dúró pẹ́ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n gba iṣẹ́ kò ní òye ìfọ̀mọ́ tẹ́lẹ̀, Amnesty International àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì sọ ọ́ ní gbangba ní 2020 pé ohun tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ kéré jọjọ sí ọdún àti owó tí ó ti lọ. Ó dára bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Iṣẹ́ tí yóò gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí UNEP ti ṣírò rẹ̀, nílò ẹni tí yóò máa béèrè ìbéèrè ní gbogbo ọdún.

Àwọn tí ń béèrè náà wà nínú ìlú. Ọba Ògalè, Emere Godwin Bebe Okpabi, gbé omi kànga ìlú rẹ̀ sínú ìgò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2016, nígbà tí Shell ní kí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ má gbọ́ ẹjọ́ tí ìlú náà pè é. Ní oṣù kejì 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtìkó sọ pé wọ́n lè gbọ́ ọ. Ní oṣù tí ó ṣáájú, ilé ẹjọ́ kan ní The Hague ti dá àwọn àgbẹ̀ láre lórí epo tí ó dà ní ìlú Goi àti Oruma. Ẹjọ́ kì í fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ẹni tí ó yẹ kó fọ̀ ọ́ tètè rántí. Láti 2023, ẹni tí ń darí HYPREP ni Nenibarini Zabbey, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Port Harcourt tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹrẹ̀ Bodo ṣáájú, tí ó ń kọ̀wé lórí mángírófù àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà kí iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìfọ̀mọ́ nìkan kò sì dá ìlú padà sípò. Nítorí náà HYPREP ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin níṣẹ́ ọwọ́, ó ń gbé omi wọ àwọn ìlú, ilé ìwòsàn sì ń dìde ní Kpite ní Tai àti ní Buan ní Khana. Ní Wiiyaakara, ní Khana, ni ibùdó ìmọ̀ ìfọ̀mọ́ tí UNEP dámọ̀ràn wà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí àwọn ọmọ Ògóní kọ́ iṣẹ́ yìí débi pé àwọn ni a ó máa pè nígbà tí epo bá dà níbòmíràn ní Nàìjíríà.

Ìpele tí ó kẹ́yìn ni ìjẹ́rìísí. Agbaṣẹ́ṣe kì í jẹ́rìí iṣẹ́ ara rẹ̀. NOSDRA, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2006 fún ọ̀rọ̀ epo dídànù, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bu ilẹ̀ àti omi fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, yàrá àyẹ̀wò tí ó dá dúró sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́. Bí ó bá bọ́ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí ṣáájú, wọ́n á fúnni ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀. Síbẹ̀, kànga àyẹ̀wò yóò ṣì wà níbẹ̀, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé benzene dé láti ẹ̀bá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní ibi tí wọ́n gbin mángírófù sí, wọ́n ń ka igi tí ó yè, wọ́n ń wọn gíga rẹ̀, wọ́n ń wo bóyá akàn ti ń gbẹ́ ihò padà sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ẹja wò kí àwọn ará ìlú tó máa pa á jẹ.